Ẹrù Dídì fún Ìrìn-àjò Ilẹ̀ Yìnyín

Ọ̀rọ̀ ẹrù kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ láàárín àwọn Yorùbá. Ìdí nìyí tí èdè Yorùbá fi ya ọ̀nà ìgbẹ́rù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ohun tí ènìyàn gbé lé orí, ó rù ú. Ohun tí ó gbé sẹ́yìn tí ó sì fi ọ̀já mú, ó pọ̀n ọ́n. Ohun tí ó fi sí èjìká, ó gbé e kọ́. Ohun tí ó wúwo ju agbára rẹ̀ lọ tí ó sì ń fà nílẹ̀, ó wọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ẹrù tó di rírù tàbí wíwọ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì í, níbi ìdì yìí gan-an ni ọgbọ́n sì wà. Ẹrù tí a dì dáadáa a máa mú ọ̀nà yá. Ẹrù tí a kò dì dáadáa a máa dá ẹlẹ́rù dúró ní agbede-méjì ọ̀nà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú rí ọgbọ́n yìí, kí ó lọ dúró ní ọjà Ìkòtún, ní Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní òwúrọ̀ tí ọkọ̀ bá ń já ẹrù. Yóò rí àwọn alábàárù, tọkùnrin tobìnrin, tí wọ́n ń ru iṣu, tòmátò, àpò ìrẹsì àti páálí ẹja gba àárín èrò kọjá. Alábàárù tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sáré gbé ẹrù. Yóò ká òṣùká rẹ̀, yóò fi í sí àárín orí. Yóò fi ọwọ́ mi ẹrù náà wò kí ó lè mọ ìhà tí ó wúwo sí. Yóò sì bi oníbàárà léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Iṣu ni yóò wà nísàlẹ̀, tòmátò ni yóò wà lókè. Ohun tí ó lè dànù, yóò há a sí àárín àwọn ohun tí kò lè mì. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní èyí ní ilé-ìwé. Orí àti ọrùn rẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀.

Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé irú ìmọ̀ kan náà yìí ni ó ń dá ẹ̀mí sí ní ibi tí ó tutù jù lọ ní àríwá ayé, níbi tí kò sí ọjà, tí kò sí títì, tí ènìyàn sì lè rìn fún odidi ọ̀sẹ̀ láìfi ojú kan ilé. Àlàyé bí a ti ń di ẹrù àgọ́ ní ìgbà òtútù níbẹ̀, àti bí a ti ń gbé e dé ibi tí à ń lọ, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ohun tí yóò sì hàn kedere nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń ru ẹrù ni ó mọ ẹrù, àti pé ẹni tí ó bá kọ̀ láti gba ìmọ̀ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i.

Irú ilẹ̀ tí à ń wí

Átíìkì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀-ayé ń pe ilẹ̀ àti òkun tí ó yí góńgó àríwá ayé ká. Apá kan rẹ̀ wà ní Kánádà, apá kan ní Rọ́ṣíà, apá kan ní Nọ́wè, ní Alaska àti ní Greenland. Ní àárín ìgbà òtútù, oòrùn kì í yọ rárá ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndó, bí ọyẹ́ bá mú tó bẹ́ẹ̀ tí ètè ń là tí ara àwọn ọmọdé sì ń funfun, ṣàṣà ni ìgbà tí òtútù ń lọ sísàlẹ̀ 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lórí òṣùwọ̀n kan náà, omi ń di yìnyín ní òdo. Ní Átíìkì, ó lè lọ sí 30 tàbí 40 nísàlẹ̀ òdo. Bí ó bá tutù tó báyìí, awọ ọwọ́ ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán di irin mú lè lẹ̀ mọ́ irin náà. Ìka tí a kò bò lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó dúdú, kí ó sì di ohun tí oníṣègùn yóò gé kúrò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni èyí. Matthew Henson, ọmọ adúláwọ̀ tí a bí ní Maryland ní Amẹ́ríkà ní 1866, bá Robert Peary rin ìrìn-àjò Átíìkì láti 1891 títí di 1909. Òun ni ó ń kan sílẹ́ẹ̀jì, ó mọ ajá dà ju ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì gbọ́ èdè àwọn Inuit, tí í ṣe onílẹ̀ ibẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa níhìn-ín pẹ̀lú, Tété-Michel Kpomassie, ọmọ Togo tí a bí ní 1941, rí ìwé kan nípa àwọn ará Greenland ní ilé ìtàwé kan ní Lomé nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ó kúrò nílé ní 1958, ó ń ṣiṣẹ́ láti ìlú dé ìlú ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti ní Yúróòpù, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ Greenland títí di 1965. Ó gbé láàárín àwọn ọdẹ ibẹ̀, ó sì bá wọn rìn lórí sílẹ́ẹ̀jì tí ajá ń fà. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde ní èdè Faransé ní 1981. Lóde òní, àwọn ọmọ Yorùbá tí ń lọ kàwé ní Kánádà, ní Fínláńdì àti ní Nọ́wè kò níye, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì tíì rí yìnyín rí àfi nínú àwo àti nínú fíríìjì.

Ohun tí a ó fi sílẹ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ di ẹrù bi ara rẹ̀ ni ohun tí yóò fi sílẹ̀, kí ó tó kan ohun tí yóò mú lọ. Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí kí a máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ìtàn kan wà tí ó fi ìtumọ̀ òwe yìí hàn lọ́nà ìbànújẹ́.

Ní oṣù karùn-ún 1845, Sir John Franklin kó ọkọ̀ òkun méjì, Erebus àti Terror, kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà kọjá lókè Kánádà. Ènìyàn 129 ni ó bá a wọ inú yìnyín lọ, tí a bá ka òun náà mọ́ wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 1846, omi dì mọ́ ọkọ̀ méjèèjì nítòsí erékùṣù King William, wọn kò sì rí i tú sílẹ̀ mọ́. Franklin kú ní 1847. Ní oṣù kẹrin 1848, àwọn 105 tí ó ṣẹ́kù fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n forí lé gúúsù ní ẹsẹ̀, wọ́n sì ń wọ́ ọkọ̀ kéékèèké lórí sílẹ́ẹ̀jì. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó dé ilé.

Ní 1859, àwọn tí Francis Leopold McClintock kó lọ wá wọn rí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ kékeré náà lórí sílẹ́ẹ̀jì rẹ̀. Egungun ènìyàn méjì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ẹrù inú rẹ̀ wò, wọ́n bá ìwé kíkà, áńkáṣíìfù sílíkì, ọṣẹ, kàn-ìn-kàn-ìn, òòyà, àti ṣíbí pẹ̀lú fọ́ọ̀kì fàdákà. Oúnjẹ tí wọ́n rí kò ju tíì àti ṣokoléètì lọ. McClintock ṣírò pé ọkọ̀ náà àti sílẹ́ẹ̀jì rẹ̀, láìka ẹrù inú wọn, yóò tó 1,400 pọ́n-ùn, èyí tí ó ju 600 kìlógíráàmù lọ. Lọ́nà tí ará Ìkòtún yóò fi yé, ó ju àpò ìrẹsì méjìlá ńláńlá lọ. Àwọn tí ebi ń pa, tí àìsàn sì ń ṣe, ni wọ́n ń wọ́ èyí lórí yìnyín. Òtítọ́ ni pé ẹrù nìkan kọ́ ni ó pa wọ́n; ṣùgbọ́n gbogbo agbára tí wọ́n ná sórí fàdákà ni wọn kò rí ná sórí ẹ̀mí.

Ní erékùṣù kan náà yìí, àwọn Inuit ń gbé, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń tọ́ wọn dàgbà. Roald Amundsen, ọmọ Nọ́wè, fi èyí sí ọkàn. Nígbà tí ó dé erékùṣù náà ní 1903, ó fi òtútù ọdún méjì jókòó ti àwọn Inuit, ó kọ́ bí wọ́n ti ń wọ aṣọ awọ, bí wọ́n ti ń da ajá, bí wọ́n sì ti ń rìn láìsáré. Nígbà tí ó di ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 1911, òun àti ẹni mẹ́rin mìíràn ni ènìyàn àkọ́kọ́ tí ó dé góńgó gúúsù ayé, gbogbo wọn sì padà wálé láàyè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Omi ni ọ̀tá

Àlejò a máa rò pé òtútù ni ọ̀tá ńlá ní Átíìkì. Onílẹ̀ mọ̀ pé omi ni. Aṣọ kò ní iná nínú. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó há sáàárín òwú tàbí irun rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ooru ara sá jáde. Bí omi bá wọ inú aṣọ, afẹ́fẹ́ náà a jáde, aṣọ a sì gan bí pátákó. Omi yìí kò ní láti ti òkun wá. Òógùn tí ènìyàn bá là nígbà tí ó ń wọ́ ẹrù tó láti pa á nígbà tí ó bá dúró. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́n a máa bọ́ aṣọ kan kúrò lọ́rùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ líle, a sì tún máa wọ aṣọ ńlá bọ ara ní kété tí ó bá dúró. Aṣọ ńlá yìí kò gbọdọ̀ sí ní ìsàlẹ̀ ẹrù. Òkè pátápátá ni àyè rẹ̀, níbi tí ọwọ́ yóò ti tó o láìtú okùn.

Irú aṣọ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ nínú. Aṣọ òwú, tí ó tura ní Èkó, a máa mu omi a kì í sì í tètè gbẹ. Aṣọ irun àgùntàn ni ó yẹ kí ó kan ara. Àwọn Inuit a máa wọ awọ àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù ní ìlọ́po méjì: ti inú kọ irun sí ara, ti òde kọ irun sí ìta, afẹ́fẹ́ a sì há sí àárín méjèèjì. Ẹni tí ó ń lọ sí ibùdó a tún máa di ìmúra gbígbẹ kan sọ́tọ̀ tí kò ní wọ̀ rìn bí ó ti wù kí ó rí. Ti oorun nìkan ni.

Àpò ìsùn ni ó ṣe ẹlẹgẹ́ jù. Ìyẹ́ ẹyẹ ni ó wà nínú èyí tí ó fúyẹ́ jù lọ. Ní òru, ooru omi tí ń jáde lára ènìyàn a wọ inú ìyẹ́ náà, a sì dì síbẹ̀. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lálaalẹ́, àpò a máa wúwo sí i, a sì máa mú ooru mọ́ra kéré sí i. Ìdí nìyí tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń fi àpò tín-ín-rín kan tí omi kò lè gbà kọjá sínú rẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Nígbà tí a bá ń di ẹrù, a ó dì í sínú ọ̀rá tí ó nípọn, a ó sì so ẹnu ọ̀rá náà pa, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò Ìkòtún ti ń fi tapólìn bo àpò gàárì nígbà òjò. Ẹní méjì ni a ó mú fún títẹ́ sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ a máa fa ooru ara ju afẹ́fẹ́ lọ.

Àwọn ohun kékeré náà kò ṣeé fojú di. Okùn ni a fi ń so ìbọ̀wọ́ méjèèjì kọ́ ọrùn, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá gbé ọ̀kan lọ, ọwọ́ kan ti lọ nìyẹn. Òkúta bátìrì tọ́ọ̀ṣì a máa kú nínú òtútù, nítorí náà àpò inú aṣọ, nítòsí àyà, ni ibùgbé rẹ̀.

Iná àti oúnjẹ

Ohun ìyanu kan wà ní ilẹ̀ yìnyín: omi ló kún gbogbo ibẹ̀, kò sì sí omi mímu. Yìnyín ni a ó máa yọ́ lórí iná láàárọ̀ àti lálẹ́, ìkòkò yìnyín tuntun kan kì í sì í fi ju omi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tí sítóòfù rẹ̀ bá bàjẹ́, òùngbẹ ni yóò kọ́kọ́ dé bá a kí ebi tó dé.

Gáàsì bùtéènì, tí a ń lò nínú àgóló kéékèèké, kì í fẹ́ jáde mọ́ bí òtútù bá ti dé òdo, nítorí pé ibẹ̀ ni kì í ti í lè di afẹ́fẹ́ mọ́. Èyí ni ó jẹ́ kí sítóòfù onífúńpá wúlò títí di òní. Frans Wilhelm Lindqvist, ọmọ Súwídìn, ni ó ṣe èyí tí à ń pè ní Primus ní 1892. Fridtjof Nansen gbé e lọ sí Átíìkì láìpẹ́ lẹ́yìn náà, Amundsen náà sì gbé e lọ sí gúúsù. Kẹrosíìnì tí àwọn ìyá ní Alímọ̀ṣọ́ ń fi dáná ni ó ń jó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ìdérí rẹ̀. Ní 1912, nígbà tí Robert Scott ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń padà bọ̀ láti góńgó gúúsù, ó bá àwọn àgóló tí wọ́n ti tọ́jú sí ojú ọ̀nà, epo inú wọn sì ti dín kù, nítorí pé awọ tí a fi dí ẹnu wọn ti jẹ́ kí ó máa jò. Àgóló ti Amundsen jẹ́ èyí tí wọ́n jó ẹnu rẹ̀ pa. Epo tí ó jò sórí oúnjẹ kò sì ní àtúnṣe, nítorí náà epo àti oúnjẹ kò gbọdọ̀ sùn ní yàrá kan.

Ewu kan tún wà tí ará Èkó mọ̀ dunjú. Bí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ń pa odidi ìdílé nínú oorun nínú yàrá tí a sé, bẹ́ẹ̀ ni èéfín sítóòfù ń pa ènìyàn nínú àgọ́ tí a sé. Kì í rùn, kì í sì í ta ojú. Ẹnu àgọ́ gbọ́dọ̀ ní àlàfo nígbà tí iná bá ń jó.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀rá ni ọba. Ara tí ń bá òtútù jà a máa jó oúnjẹ bí ìgbà tí iná ń jó igi. Pemmican, tí í ṣe ẹran gbígbẹ tí a gún tí a sì pò mọ́ ọ̀rá, ni àwọn ará àríwá Amẹ́ríkà ti ń mú rìnrìn-àjò láti ayébáyé, gẹ́gẹ́ bí àwọn arìnrìn-àjò ilẹ̀ Yorùbá ti ń mú gàárì àti àádùn dání: ó fúyẹ́, kì í tètè bàjẹ́, a sì lè jẹ ẹ́ láìdáná. Bọ́tà àti ẹran gbọ́dọ̀ ti di gígé kí a tó kúrò nílé, nítorí pé ní ibùdó, àáké ni yóò gé wọn. A ó di oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ó má baà di pé a ń fi ọwọ́ tí ó ti kú wá iyọ̀ nínú òkùnkùn. Ìgò omi, a ó dorí rẹ̀ kodò, nítorí pé òkè ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bí a bá dá a padà, ẹnu rẹ̀ yóò ṣì là.

Sílẹ́ẹ̀jì àti bí a ti ń to ẹrù sí i

Ọmọlanke ni ó sún mọ́ sílẹ́ẹ̀jì jù lọ nínú ohun tí a mọ̀ níhìn-ín, àfi pé kò ní kẹ̀kẹ́. Igi gígùn méjì tí ó tẹ́ lórí yìnyín ni ó fi ń yọ̀. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn wọ́ ju ohun tí ó lè pọ̀n lọ. Síbẹ̀, bí òtútù bá mú jù, yìnyín a máa le bí iyanrìn, sílẹ́ẹ̀jì a sì kọ̀ láti yọ̀. Àwọn Inuit ti rí ọgbọ́n dá sí èyí: wọ́n a máa fi omi pa abẹ́ igi náà títí yóò fi di yìnyín dídán. Wọn kì í sì í kan igi ìdábùú sílẹ́ẹ̀jì mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣó. Awọ ni wọ́n fi ń dì í. Bí sílẹ́ẹ̀jì bá gun òkè yìnyín tí ó tún já sílẹ̀, ìdè náà a máa mì, a sì máa tẹ̀, níbi tí ìṣó ìbá ti fa igi ya.

Ìlànà ìtò ẹrù kò ta ko ti alábàárù. Ohun tí ó wúwo ni ó wà nísàlẹ̀ àti láàárín, kí sílẹ́ẹ̀jì má baà dojú dé. Ohun tí a kò ní lò títí di alẹ́ ni ó tẹ̀ lé e. Ohun tí a ó kọ́kọ́ lò ni a ó kó sí i kẹ́yìn. Nítorí náà àgọ́, ṣọ́bìrì tí a fi ń kó yìnyín, aṣọ ńlá àti ìpápánu ni ó wà lókè. Lẹ́yìn náà ni a ó fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀, a ó sì fi okùn dì í tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí sílẹ́ẹ̀jì bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, abẹ́rẹ́ kan kò ní jábọ́.

Peary fi bí wọ́n ti to ẹrù sílẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ní 1909 sílẹ̀ ní kíkọ. Pemmican ti ajá, nínú àgóló pupa, ni wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bísíkíìtì àti pemmican ti ènìyàn, nínú àgóló búlúù, ni ó tẹ̀ lé e. Epo àti wàrà inú àgóló wà lókè wọn, lẹ́yìn náà awọ tí a ń tẹ́ sùn, bàtà ìpààrọ̀, àti ọ̀bẹ gígùn tí a fi ń gé yìnyín kọ́ ilé. Àwọ̀ àgóló ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi oúnjẹ ajá mú nínú òkùnkùn. Oúnjẹ ẹnì kan fún ọjọ́ kan jẹ́ pọ́n-ùn kan pemmican, pọ́n-ùn kan bísíkíìtì, ọ́ùnsì mẹ́rin wàrà, àti ìdajì ọ́ùnsì tíì. Ènìyàn 24, sílẹ́ẹ̀jì 19 àti ajá 133 ni ó wà nínú ìrìn-àjò náà. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ ti ń tán ni wọ́n ń dá apá kan padà, títí ó fi ku Peary, Henson àti àwọn Inuit mẹ́rin: Ootah, Egingwah, Seegloo àti Ooqueah. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn títí di òní bóyá wọ́n dé góńgó àríwá gan-an. Ohun tí kò ní iyàn ni pé wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀, nítorí pé wọ́n mọ ẹrù wọn.

Amundsen fi ọgbọ́n kan kún ti wọn. Ó ní kí wọ́n ṣe ìdérí kékeré róbótó sí orí àpótí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, bí ti àgóló wàrà, kí a lè máa bu oúnjẹ láìtú okùn àpótí kúrò lórí sílẹ́ẹ̀jì. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ tí ó ti kú tú kókó okùn dídì rí yóò mọ iye ọgbọ́n yìí.

Pípín ẹrù

Ẹ̀kọ́ kan kù, òun ni ó sì ṣòro jù. Bí sílẹ́ẹ̀jì bá ju ẹyọ kan lọ, báwo ni a ó ṣe pín ẹrù sí wọn? Douglas Mawson, Xavier Mertz àti Belgrave Ninnis ń rìn ní ilẹ̀ yìnyín ti gúúsù ayé ní 1912 pẹ̀lú sílẹ́ẹ̀jì méjì. Wọ́n rò pé bí ihò bá wà lábẹ́ yìnyín, sílẹ́ẹ̀jì iwájú ni yóò kọ́kọ́ jìn sí i. Nítorí náà wọ́n kó àgọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ oúnjẹ àti àwọn ajá tí ó lágbára jù sí ti ẹ̀yìn. Ìrònú náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, sílẹ́ẹ̀jì iwájú kọjá lórí ihò kan láìséwu, ti ẹ̀yìn ni ó jìn sí i, pẹ̀lú Ninnis. Wọn kò rí i mọ́. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ ni ó kù fún àwọn méjì, kò sì sí ti ajá rárá. Mertz kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kínní 1913. Mawson nìkan ni ó wọ́ dé ilé, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì.

Láti ìgbà náà ni àwọn arìnrìn-àjò ti mọ̀ pé kò sí sílẹ́ẹ̀jì tí ó yẹ kí a fi ẹ̀mí gbogbo ènìyàn lé lórí. Oúnjẹ, epo àti ibùsùn gbọ́dọ̀ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣáná, ọ̀bẹ àti ìpápánu díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára olúkúlùkù, kì í ṣe nínú ẹrù. Gbogbo ẹyin kì í gbé inú apẹ̀rẹ̀ kan lọ sí ọjà Ìkòtún. Kí ni ó dé tí ẹ̀mí yóò fi gbé orí sílẹ́ẹ̀jì kan?

Láti Alímọ̀ṣọ́ dé ilẹ̀ yìnyín

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ láti Ẹ̀gbẹ́dá ní òfin mìíràn láti tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í gbà ju 23 kìlógíráàmù lọ nínú àpò kan. Wọn kò sì gbọdọ̀ gbé epo sítóòfù tàbí àgóló gáàsì rárá. Ibẹ̀ ni a ó ti rà á. Sítóòfù pàápàá gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, kí òórùn epo má sì sí lára rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a gbé láti ilé ni èyí tí ó bá ara ẹni mu tí a sì ti dán wò: bàtà, aṣọ tí ó kan ara, àpò ìsùn. Ohun tí ó wúwo tí a sì lè yá lọ́wọ́ onílẹ̀, bí sílẹ́ẹ̀jì àti ajá, kí a fi í sílẹ̀ fún onílẹ̀.

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àgbàlá ilé ní Ìgàndó tó láti pa àgọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ nípọn lọ́wọ́ àti aṣọ tí a fi di ojú, títí ọwọ́ yóò fi mọ okùn kọ̀ọ̀kan láìrí i. Kí a kó gbogbo ẹrù sílẹ̀, kí a mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá rí èsì sọ, kí ó padà sínú ilé. Kì í ṣe ojo ni ẹni tí ó bá ṣe èyí. Àwọn àgbà ti sọ pé àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé, ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé ọmọdé ni òun ní ilẹ̀ yìnyín, yìnyín yóò sọ fún un.

Ẹ̀kọ́ gbogbo èyí kọjá ọ̀rọ̀ òtútù. Àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé ṣíbí fàdákà lọ sí erékùṣù King William kàwé ju àwọn Inuit tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn Inuit ni wọ́n mọ ohun tí kò yẹ kí a gbé. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá lára alábàárù ní Ìkòtún láìmọ̀ pé onímọ̀ ni wọ́n ń kọjá lára rẹ̀. Ó ní orúkọ fún oríṣiríṣi ìdè okùn, fún bí òṣùká ti ń rí nígbà tí ẹrù bá tẹ́jú àti nígbà tí ó bá rí róbótó, fún ẹrù tí ó ń yẹ̀ àti èyí tí ó ń tẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò sí nínú ìwé kankan, bí ọmọlanke, kẹ̀kẹ́ márúwá àti ọkọ̀ akẹ́rù sì ti ń gba iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Iṣẹ́ tí ó tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni láti mú ìwé àti gègé lọ bá àwọn arẹrù wọ̀nyí, kí ó béèrè, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí ẹrù ìmọ̀ náà má baà já sọ́nà.